Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Ogun Ọkọ̀ Gbalasa Lórí Ilẹ̀ Gbọ̀ngàn

Láti ìgbà tí a ti kọ nípa Full Thrust, eré ogun ọkọ̀ gbalasa òfurufú tí Jon Tuffley gbé jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1991, ni lẹ́tà ti ń wọlé. Ohun tó pọ̀ jù nínú wọn ń sọ ni pé tábìlì ti kéré, àwọn fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀. Fún ẹni tí kò ka ti tẹ́lẹ̀: oníkálukú ní ọ̀wọ́ ọkọ̀ kéékèèké tirẹ̀, á kọ àṣẹ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ní ìkọ̀kọ̀, gbogbo ọkọ̀ á rìn, lẹ́yìn náà ni wọn á yìnbọn. Dáìsì bíi ti lúdò ló ń sọ ẹni tó gbọgbẹ́. Òfin eré náà kì í pe ọ̀nà ní ínǹṣì tàbí mítà, “ìwọ̀n” ló ń pè é. Lórí tábìlì, ìwọ̀n kan sábà máa ń jẹ́ ínǹṣì kan. Eré tí ọkọ̀ bá ń sá ní ìyípo kan (ìgbà kan tí gbogbo ọkọ̀ rìn tí wọ́n sì yìnbọn) ló máa gbé wọ ìyípo tó kàn, àfi tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá fi kún un tàbí tó yọ nínú rẹ̀.

Láti Peckham, Lọ́ńdọ̀nù: Ṣọ́ọ̀ṣì wa yọ̀ǹda gbọ̀ngàn fún wa nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ìlà pápá badminton wà nílẹ̀ ibẹ̀. Ṣé ká sọ ìwọ̀n kan di sẹ̀ntímítà 10 kí eré wa lè kún gbogbo ilẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣírò ná. Tábìlì ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 4 jẹ́ ìwọ̀n 72 ní gígùn, 48 ní ìbú. Pápá badminton jẹ́ mítà 13.40 sí 6.10. Tí ìwọ̀n kan bá jẹ́ sẹ̀ntímítà 10, ohun tí ẹ máa rí ni 134 sí 61. Ìbú yẹn fi 13 péré ju ti tábìlì lọ! Eré orí tábìlì náà lẹ ṣì ń ṣe, ẹ kàn ń fi ẹsẹ̀ rìn yí i ká ni.

Àyè láti yà ni ilẹ̀ fi dára ju tábìlì. Ẹ mú ọkọ̀ tí agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 4. Òfin ní kò gbọ́dọ̀ lò ju ìdajì agbára yẹn lọ fún yíyà, ìyẹn ìpín 2 ní ìyípo kan. Ìpín kan jẹ́ wákàtí kan lójú aago, ìyẹn dígírì 30. Á ya ìpín kan kó tó gbéra, á ya èkejì nígbà tó bá rìn dé ìdajì ọ̀nà. Tó bá ń sá eré 20, ìyẹn ìwọ̀n 20 ní ìyípo kan, tó sì ń yà bẹ́ẹ̀ títí, ojú ọ̀nà rẹ̀ á di òbìrí tí ìbú rẹ̀ tó ìwọ̀n 38. Lórí eré 30, òbìrí náà di 58, tábìlì ò sì gbà á mọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù tí agbára rẹ̀ jẹ́ 2 burú jù bẹ́ẹ̀: ìpín kan ṣoṣo ló lè yà, ní àárín ọ̀nà, nítorí náà òbìrí rẹ̀ lórí eré 20 tó 77. Ìdí nìyí tí gbogbo èèyàn fi ń rọra rìn lórí tábìlì, tí wọ́n á wá máa sọ pé eré náà ò yá.

Sẹ̀ntímítà 5 la máa ń gbà wọ́n níyànjú láti lò. Pápá yín á di 268 sí 122. Òbìrí ọkọ̀ akẹ́rù yẹn ò ní tó mítà 4, ó wọlé dáadáa. Ìbọn tó ń lọ jìnnà jù nínú àwọn ìtànṣán (ìbọn oníná tí ọkọ̀ fi ń jà) tí wọ́n sábà máa ń lò dé ìwọ̀n 36, ìyẹn mítà 1.80, téèpù kékeré ká a.

Kí ló dé tí a ò sọ pé kí ẹ dúró sórí ínǹṣì? Ẹsẹ̀ èèyàn ni. Tí ọkọ̀ méjì bá fi ìwọ̀n 6 jìnnà síra, ínǹṣì 6 ò gba bàtà àgbàlagbà láàárín wọn. Ní sẹ̀ntímítà 5, ọgbọ̀n sẹ̀ntímítà ni, ẹsẹ̀ á rọra wọlé á tún jáde.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, Ìbàdàn: Ẹni méjì wọn ìrìn kan náà nílẹ̀ yàrá ìgbafẹ́ wa, ibi tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí yàtọ̀ síra. Ìjà ló fẹ́ẹ̀ dà. Táìlì ló wà nílẹ̀, ṣé ó wúlò fún nǹkan kan?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi táìlì, torí ẹ̀bùn ńlá ni. Tó bá jẹ́ táìlì 60 sí 60 sẹ̀ntímítà, tí ìwọ̀n yín sì jẹ́ sẹ̀ntímítà 5, táìlì kan jẹ́ ìwọ̀n 12 gẹ́lẹ́. Méjìlá-méjìlá náà ni agbára ìtànṣán fi ń dín kù. Ìtànṣán onípele 3 ń ju dáìsì 3 títí dé 12, dáìsì 2 títí dé 24, ẹyọ kan títí dé 36. Ẹ kàn máa ka táìlì ni. Táìlì 40 jẹ́ ìwọ̀n 8, ti 30 jẹ́ 6. Ṣùgbọ́n ẹ má ka táìlì ní ìdábùú láti igun dé igun o: 60 yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di 85 níbẹ̀, ìwọ̀n 17 ni. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń rẹ́ ara wọn jẹ láìmọ̀.

Àṣìṣe yín kì í ṣe ti gígùn, ti igun ni. Tí ọwọ́ ẹni tó ń tọ́ka bá fi dígírì 5 péré yẹ̀, ọkọ̀ tó rìn mítà kan á fi sẹ̀ntímítà 8.7 yà kúrò níbi tó yẹ kó wà. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwọ̀n 2. Lórí tábìlì, àṣìṣe kan náà kéré lójú, ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Ojú lásán ò sì lè mọ dígírì 5.

Ẹ gé páálí líle tàbí plywood tẹ́ẹ́rẹ́ ní òbìrí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ntímítà 30. Ẹ má ṣe fojú dá àmì rẹ̀. Ẹ fi kọ́ńpáàsì tí ẹ fi fa òbìrí náà, láìyí ẹnu rẹ̀ padà, rìn yí etí rẹ̀ ká: ẹ̀ẹ̀mẹfà géérégé ló máa gbà, dígírì 60 kọ̀ọ̀kan. Ẹ pín ìkọ̀ọ̀kan sí méjì, aago oníwákàtí 12 ti jáde. Ẹ la ojú kan láti etí dé àárín kí ìdúró ọkọ̀ lè wọnú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ gbé ọkọ̀ sókè.

Fún gígùn, ẹ fi téèpù sílẹ̀ kí ẹ lo igi tó gún régé tàbí irin kọ́tìnì aláyọmíníọ̀mù, mítà kan àbọ̀. Ẹ fi báírò aláìparẹ́ kọ àmì sí i ní sẹ̀ntímítà 5 kọ̀ọ̀kan, kí àmì 10, 20 àti 30 jẹ́ pupa. Téèpù a máa tẹ̀ kọ́lọ́kọ́lọ́ nílẹ̀, igi kì í tẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ọkọ̀, ẹ fi owó ẹyọ sí ibi tó dúró sí. Ẹ ti páálí aago sábẹ́ ọkọ̀ kí 12 rẹ̀ kọjú síbi tí imú ọkọ̀ kọjú sí. Ẹ yà á ní ìdajì ìpín tí wọ́n kọ. Tó bá jẹ́ àìpé bíi 3, ọ̀kan ni ẹ máa yà báyìí, méjì á kù fún àárín ọ̀nà. Tó bá jẹ́ ìpín kan ṣoṣo, àárín ọ̀nà nìkan ni. Ẹ tẹ́ igi, ẹ rìn dé ìdajì, ẹ tún ti páálí sábẹ́ rẹ̀, ẹ ya èyí tó kù, ẹ parí ìrìn. Ẹni kan láti apá kejì dúró, ó ń wò. Ìgbà tí apá méjèèjì bá gbà lẹ mú owó ẹyọ kúrò. Tí ẹnì kan bá fẹsẹ̀ gbá ọkọ̀ kó tó dìgbà yẹn, owó ẹyọ yẹn náà ló máa sọ ibi tó wà.

Láti Manchester: Orí tábìlì, ẹni tó bá kọjá etí ti jáde nínú ogun. Lórí ilẹ̀ kò sí etí. Ẹnì kan kàn ń sá káàkiri títí wọ́n fi ní ká jáde kúrò ní gbọ̀ngàn.

Ẹ kọ òfin sísá sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tí àwa ń lò ni pé: ọkọ̀ tó bá fi ju ìwọ̀n 100 lọ jìnnà sí gbogbo ọkọ̀ ọ̀tá ní ìparí ìyípo méjì tẹ̀ léra ti kúrò lójú ogun. Kò kú, ṣùgbọ́n kò ní padà.

Tí ìjà bá wá sún mọ́ ògiri, ẹ má pa á tì. Ẹ sún gbogbo ọkọ̀ padà ní iye kan náà, sí apá kan náà. Orí táìlì ni èyí ti rọrùn jù: “ẹ gbé gbogbo wọn ní táìlì márùn-ún sọ́nà fèrèsé.” Ibi tí ọkọ̀ wà nínú táìlì tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yí padà, orí táìlì tó wà nìkan ló yí.

Èyí tó sàn jù ni kí ogun náà ní ìdí. Ẹ fún apá kan ní ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́rin, agbára 2, tó gbọ́dọ̀ la gígùn pápá kọjá. Lórí eré 20, ìyípo 13 sí 14 ni. Tí ìyípo kan bá ń gbà yín ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó lé díẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta, gbọ̀ngàn wákàtí mẹ́rin sì gbà á. Ẹni tó fẹ́ sá lè máa sá lọ. Akẹ́rù ò dúró dè é.

Láti Abẹ́òkúta: Tí mo bá nàró, gbogbo ọkọ̀ jọra lójú mi. Mo ti yìnbọn fún ara mi lẹ́ẹ̀mejì.

Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Àwọn tó ń ṣe ère ọkọ̀ wọ̀nyí ṣe wọ́n fún ojú tó wà nítòsí tábìlì, kì í ṣe ojú àgbàlagbà tó dúró. Nítorí náà, ìdúró ọkọ̀ ni kí ẹ fi sọ̀rọ̀. Kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 6, kí wáyà tó gbé ọkọ̀ dúró ga tó 10 sí 15. Tó bá ga jù bẹ́ẹ̀, á máa mì, á sì máa ṣubú nígbàkígbà tí ẹnì kan bá rìn kọjá lórí ilẹ̀ pákó. Ẹ lẹ wọ́ṣà irin ńlá mọ́ abẹ́ ìsàlẹ̀ náà, òun ni ìwúwo rẹ̀.

Ẹ kun ìsàlẹ̀ ní àwọ̀ kan fún ọ̀wọ́ kan: gbogbo tìrẹ lómi ọsàn, gbogbo ti ọ̀tá ní búlúù títàn. Ẹ kọ nọ́ńbà sí i, kó ga tó sẹ̀ntímítà 2.5. Ẹ ya ọfà funfun kan síwájú, torí imú ère lè yẹ̀ lórí wáyà, ọfà kì í yẹ̀. Láti àárín ìsàlẹ̀ ni ẹ ó sì ti máa wọn ọ̀nà, kì í ṣe láti imú, kì í ṣe láti ìyẹ́.

Ẹ má da àmì ọgbẹ́ sílẹ̀ yí ọkọ̀ ká bí àwọn kan ṣe ń ṣe lórí tábìlì. Ẹsẹ̀ á gbá a. Inú ìwé ni ọgbẹ́ wà.

Ọmọ ọdún 14, Òṣogbo: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo fi fóòmù funfun inú páálí tẹlifíṣọ̀n ṣe ọkọ̀ mẹ́fà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bá mi fín ọ̀dà aláagolo sí wọn, gbogbo wọn yọ́. Kí la ṣe tí kò dáa?

Ọmọ wa, o káre. Ẹ̀gbọ́n rẹ ò ṣe nǹkan burúkú, ọ̀dà inú agolo náà ló ní kẹ́míkà tó ń jẹ fóòmù yẹn bí iná ṣe ń jẹ ọ̀rá. Súpà gúlù náà ń jẹ ẹ́. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ni kí o fi lẹ̀ ẹ́. Tó bá ti gbẹ, fi omi díẹ̀ po gọ́ọ̀mù kan náà, fi búrọ́ọ̀ṣì pa gbogbo ara ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí tàkọ́kọ́ gbẹ kí o tó pa èkejì. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀dà olómi tí wọ́n fi ń kun ògiri ilé ni kí o lò. Kódà lẹ́yìn gọ́ọ̀mù, má tún fín in: ihò kékeré kan tó bá ṣẹ́ kù ti tó.

Ìdérí ìgò omi dára fún ẹ́ńjìnnì, ara báírò tó ti tán dára fún ìbọn gígùn. Fóòmù fúyẹ́ jù, nítorí náà ìwọ ju ẹnikẹ́ni lọ ni o nílò wọ́ṣà nísàlẹ̀. Fáànù òkè àjà lásán lè bì í ṣubú.

Láti Houston, Amẹ́ríkà: Gàráàjì mi jẹ́ mítà 6 níbùú lóròó. Ọkọ̀ mẹ́ta ti fọ́ mọ́ wa lẹ́sẹ̀. Eékún mi náà ń pariwo.

Ìwọ̀n 120 sí 120 ni ẹ ní, kò burú rárá. Ẹni tó ń gbé ọkọ̀ àti ẹni tó ń ṣọ́ ọ nìkan ló yẹ kó wà nínú pápá, ìyókù dúró sí etí. Ẹ fi téèpù oníbébà, irú èyí tí àwọn akunlé ń lẹ̀ mọ́ etí fèrèsé, fa ìlà yí pápá ká, kí àyè ìrìn mítà kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn á gba mítà méjì nínú mẹ́fà yín, tí ẹ bá yọ ọ́ lápá méjèèjì. Tó bá dùn yín jù, ẹ yọ ti apá kan ṣoṣo. Ẹ ká téèpù náà kúrò lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Tó bá pẹ́ nílẹ̀, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á kù síbẹ̀.

Bàtà rọ́bà pẹlẹbẹ ni kí ẹ wọ̀. Àwọn kan ń bọ́ bàtà kí wọ́n má bàa fọ́ ọkọ̀, wọ́n wá ń fi ìbọ̀sẹ̀ rìn lórí ilẹ̀ dídán. Ìgbà tí àgbàlagbà bá yọ̀ ṣubú, ọ̀wọ́ ọkọ̀ odindi ló máa bá a lọ. Ife tíì àti fóònù, orí tábìlì lẹ́yìn ìlà. Ajá, ìta.

Ní ti eékún, ẹ ra ìbòrí eékún tí àwọn tó ń lẹ táìlì ń dè. Ẹ sì ṣe ọ̀pá: igi ìgbálẹ̀ gígùn, mítà kan àti ogún sẹ̀ntímítà, kí ẹ tẹ wáyà tó le bíi ẹnu fọ́ọ̀kì sí orí rẹ̀. Ẹnu yẹn á gbá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ mú, ẹ ó sì máa tì í lórí ìdúró. Ọkọ̀ tó bá ń lọ tààrà kò yẹ kó mú yín kúnlẹ̀ rárá. Èyí tó bá ń yà nìkan.

Láti Iléṣà: Ṣé a lè ta á ní pápá ìta, lórí koríko?

Ẹ lè ta á. Ó dùn-ún wò, ṣùgbọ́n a ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ìdí sì nìyí. Lórí koríko, ìwọ̀n tó kéré ju sẹ̀ntímítà 30 lọ kì í ṣeé kà. Pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́ni márùn-ún, mítà 40 sí 20, á wá di 133 sí 66. Ẹ ti padà sídìí ohun tí a sọ fún ará Peckham.

Tó bá wù yín síbẹ̀, ẹ lẹ ọkọ̀ mọ́ sípóòkù kẹ̀kẹ́, kí ẹ máa gún un mọ́ ilẹ̀. Ìsàlẹ̀ pẹlẹbẹ kì í dúró lórí koríko. Ẹ fi rọ́bà tàbí kọ́ọ̀kì bo ẹnu sípóòkù tó kọjú sókè, nítorí ojú àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀. Okùn mítà 11 ni téèpù yín: àmì ní ọgbọ̀n sẹ̀ntímítà kọ̀ọ̀kan, aṣọ pupa ní mítà 3.60, 7.20 àti 10.80, tí í ṣe 12, 24 àti 36. Okùn náílọ́nù ń fà, tòwú ń súnkì tí ìrì bá mú un. Ẹ fi téèpù irin yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ ọjọ́ eré. Ẹ má fi ìṣísẹ̀ wọn ọ̀nà láé, ti oníkálukú yàtọ̀.

Láti Brixton: Ẹnì kan sọ pé ọmọdé nìkan ló ń ta ayò ogun nílẹ̀. Òótọ́ ni?

Ní àwọn ọdún 1930, ilẹ̀ gbọ̀ngàn ijó ni Fletcher Pratt, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń fi ọkọ̀ ojú omi kéékèèké jagun ní New York, ó sì tẹ òfin rẹ̀ jáde lọ́dún 1940. Wọn kì í wọn ọ̀nà kí wọ́n tó yìnbọn. Ojú ni wọ́n fi ń dá a, wọ́n á kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá wọ̀n ọ́n. Lọ́dún 1942, ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Gilbert Roberts, àti àwọn ọ̀dọ́bìnrin ológun tó ń bá a ṣiṣẹ́ ya ìlà sí ilẹ̀ yàrá kan ní Derby House, Liverpool. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ àwọn ọ̀gá ọkọ̀ bí wọ́n ṣe máa kojú ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì. Ṣọ́ọ̀kì funfun ni wọ́n fi ń fa ọ̀nà ọkọ̀ tiwọn, aláwọ̀ ewé ni ti ọkọ̀ abẹ́ omi. Ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ wà lẹ́yìn aṣọ, ihò kan ló ń yọjú wò, kó má bàa rí ju ohun tí ọ̀gá ọkọ̀ lè rí lójú òkun.

Ẹ lè yá ọgbọ́n méjèèjì. Ẹ fòfin de wíwọn ọ̀nà kí wọ́n tó dárúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ yìnbọn fún. Ẹni tó rò pé òun wà ní 24, tó jẹ́ 25 ni, dáìsì kan ti lọ. Tí ẹ bá ní rẹfirí, ẹ ta aṣọ dúdú sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ọ̀wọ́ tó farapamọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, kí rẹfirí nìkan máa gbé wọn.

Láti Cardiff: Òfurufú ní òkè àti ìsàlẹ̀. Báwo la ṣe máa fi gíga kún un?

Kọ gíga sára ìwé ọkọ̀. Tí ọkọ̀ méjì bá fi 16 jìnnà síra nílẹ̀, tí gíga wọn sì fi 12 yàtọ̀, 20 ni ọ̀nà tòótọ́: 16 lọ́nà 16, 12 lọ́nà 12, ro wọ́n pọ̀, wá gbòǹgbò rẹ̀ (square root). Lẹ́yìn náà, ṣe é fún ọkọ̀ méjìlá tó ń yìnbọn fún ọkọ̀ méjìlá, nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n máa tì ní aago mẹ́wàá. Àwa fi sílẹ̀.